Kí o tó gba kọ́kọ́rọ́ Leaf tuntun yẹn

Àkàndé ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù, o kú ìretí mọ́tò. Bá mi kí ìyàwó wa, bá mi kí àwọn ọmọ.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú lẹ́tà rẹ ni pé láti Newcastle tí o wà sí Sunderland tí wọ́n ti ń to Leaf yìí, mọ́tò oníná ti Nissan, kò ju ìrìn ìdajì wákàtí lọ, síbẹ̀ orí ìlà àwọn tó fẹ́ wà á wò lo ṣì wà. Tí ẹni tó ń tà á bá ní kí o san àsansílẹ̀ kí orúkọ rẹ lè bọ́ síwájú, má tíì dá a lóhùn. Bí o bá fọwọ́ síwèé lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìtíì fẹsẹ̀ kan ṣọ́ọ̀bù wọn, òfin fún ọ ní ọjọ́ 14 láti sọ pé o ò ṣe mọ́. Bí ó bá jẹ́ orí tábìlì wọn lo ti fọwọ́ sí i, ohun tí wọ́n bá kọ sínú ìwé náà ni abẹ gé.

Ilé ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí mọ́tò tó dé. Mú tọ́ọ̀ṣì, lọ sí ìdí mítà iná, wá àpótí kékeré tí wáyà ńlá láti ìta wọ̀. Fíúsì àgbà ilé ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń kọ 60, 80 tàbí 100 sí i lára, ìyẹn iye amp, ìwọ̀n iná tó lè gba ibẹ̀ kọjá. Má tú èdìdì rẹ̀ o, ti iléeṣẹ́ tó ni wáyà ojú pópó ni. Yà á ní fọ́tò, ó tó. Ṣájà ilé tó jẹ́ 7 kW (kW ni ìwọ̀n agbára iná) máa ń fa 32 amp. Ẹ̀rọ ìwẹ̀ oníná tó wà ní bálùwẹ̀, bí ó bá jẹ́ 9.5 kW, á fa nǹkan bíi 41. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 73. Tí fíúsì rẹ bá jẹ́ 60, tí ìyàwó wa ń wẹ̀ lọ́wọ́ tí mọ́tò náà ń jẹ iná lọ́wọ́, fíúsì lè jó, gbogbo ilé á ṣókùnkùn, o ò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ ara rẹ pààrọ̀ rẹ̀. Oníná lè so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ wáyà àgbà, tí yóò máa dín iná mọ́tò kù nígbà tí omi gbígbóná bá ń ṣiṣẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí Northern Powergrid, iléeṣẹ́ tó ni wáyà ojú pópó yẹn, wá fi fíúsì tó tóbi jù ú lọ síbẹ̀. Èyí lè pẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o bẹ̀rẹ̀ báyìí.

Má gbọ́kàn lé sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri. 10 amp ló ń mú wá, ìyẹn 2.3 kW; bátìrì 75 kWh (kWh ni ìwọ̀n iye iná tí bátìrì lè gbà) tó ti gbẹ á lò ju wákàtí 32 lọ nídìí rẹ̀. Ṣájà 7 kW á kún un láàárín wákàtí 11 tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Owó orí VAT lórí iná ilé jẹ́ 5%, ti ṣájà ìta jẹ́ 20%, nítorí náà ibi tí o bá ti ń fún un ní iná ló máa sọ bóyá o jèrè. Kí o tó ra ṣájà, fi téèpù wọn ògiri dé ibi tí ihò iná mọ́tò máa wà nígbà tí o bá páàkì. Bí ó bá jẹ́ mítà 5 géérégé, wáyà mítà 5 kò ní tó ọ, torí ó gbọ́dọ̀ wálẹ̀, kó fi ẹ̀gbẹ́ mọ́tò yípo. Ra ti 7 àbọ̀.

Ní ti mọ́tò náà fúnra rẹ̀, má jẹ́ kí ìtàn àwọn onítakisí nípa Leaf àtijọ́ dà ọ́ láàmú. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ lásán ló ń tu bátìrì tàtijọ́ lára. Bí wọ́n bá fún un ní iná kíákíá lẹ́ẹ̀kan lọ́nà jíjìn, ó ti gbóná nígbà tí wọ́n bá fi máa dé ibi kejì, iná á wá máa kán tó-tó-tó. CHAdeMO lẹ́nu rẹ̀ tún jẹ́, irú ihò ṣájà kíákíá kan, èyí tí àwọn tó ń gbé ṣájà kalẹ̀ ti ń pa tì. Tuntun yìí, omi ni wọ́n fi ń tù ú lára, CCS sì ni ẹnu rẹ̀, irú ihò mìíràn.

Tí wọ́n bá ti pè ọ́ láti wá wà á wò, bi wọ́n bóyá bátìrì 52 kWh tàbí 75 ló wà nínú èyí tí o máa wà. Ní kí wọ́n má ṣe kún un dé 100%, kí wọ́n fi í sílẹ̀ ní 70 tàbí 80. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí o bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, mọ́tò á máa dín eré kù, á sì máa dá iná padà sínú bátìrì. Bí bátìrì bá ti kún, tàbí tí òtútù bá ti mú un gan-an, kò sí àyè láti gbà á, mọ́tò á kàn máa yọ̀ lọ ni. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé búrékì ti bàjẹ́. Ní kí wọ́n má sì fi hítà mú inú rẹ̀ gbóná dè ọ́, kí o lè rí ohun tí hítà ń jẹ. Gba kóòdù tí wọ́n máa fi yẹ láísẹ́ńsì rẹ wò lọ́wọ́, lórí ìkànnì DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí láísẹ́ńsì. Ọjọ́ 21 ló fi ń ṣiṣẹ́, má tètè gbà á jù.

Má jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ yí àdúgbò ká fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tọrọ wákàtí kan. Pa nọ́ńbà ìrìn rẹ́ sí òdo, fi hítà sí 20, gba ọ̀nà márosẹ̀ A1(M) lọ sí gúúsù ní máìlì 70 ní wákàtí kan, kí o sì bá ọ̀nà kan náà padà, torí afẹ́fẹ́ tó bá tì ọ́ lẹ́yìn nígbà àlọ máa dojú kọ ọ́ nígbà àbọ̀. Wo iye máìlì tí kWh kan gbé ọ. Ká ní 3 ni: 3 lọ́nà 75 jẹ́ máìlì 225 fún bátìrì 75. Máìlì 386 tí wọ́n ń pariwo, inú yàrá ìdánwò ni wọ́n ti rí i. Ti 52, 156 ni tìrẹ.

Lẹ́yìn náà, gbé ìjókòó ọmọ sẹ́yìn rẹ, kí ìyàwó wa jókòó tì í fún ìṣẹ́jú 15. Bátìrì wà lábẹ́ ilẹ̀ mọ́tò oníná, ó máa ń gbé ilẹ̀ ẹ̀yìn sókè, orúnkún àgbàlagbà á sì ga. Màmá tó ń bọ̀ wá kí yín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀yìn yẹn ni wọ́n máa wà títí dé ọ̀dọ̀ wa ní Reading.

Ìrìn yẹn súnmọ́ máìlì 300. Bí ó bá jẹ́ bátìrì 75, tí o bá kún un nílé, tí kWh kan ń gbé ọ ní máìlì 3, o lè rin 202 kí bátìrì tó kù 10%. Nítòsí Leicester ni kí o ti dúró, kí o fún un ní iná títí á fi lé ní 60%, Màmá á ti jẹun tán. Fi nọ́ńbà mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ tí o bá wà á: ti àlọ, ti àbọ̀, àti èyí tó wà lára fíúsì.

Èmi ni,
Àjàní