Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: Ìdí tí owó Ixora eléwé kékeré fi lọ sókè

Ẹ̀yin oníbàárà wa pàtàkì, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó.

A mọ̀ pé inú ń bí yín. Láti ìgbà tí Ixora eléwé kékeré, igi òdòdó kúkúrú tí ẹ fi ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, ti kúrò ní ₦500, tó di ₦1,200, oríṣiríṣi la ti gbọ́. Ẹnì kan dé níjọ́sí, ó gbọ́ iye rẹ̀, kò tilẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò tó fi kọrí sí Kútọ̀. Kò burú, ọjà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pè wá ní ọ̀dájú lẹ́yìn, ẹ bá wa sọ fún un pé kó ka lẹ́tà yìí tán.

Ẹ ó ní epo àti dọ́là la tún fẹ́ dárúkọ. Wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó kékeré kọ́ ni jẹnẹrétọ̀ tó ń fa omi fún wa ní ẹ̀ẹ̀rùn ń gbé mì. Náílọ̀n dúdú tí a ń gbin ọmọ igi sí náà ti gbówó lórí. Ìyẹn kan gbogbo ayé, a ò ní tìtorí rẹ̀ kọ lẹ́tà. Ohun tó ká mi lára jù ni ti ẹni tó ń kó ọmọ igi wá fún wa láti Èkó.

Ọ̀gbẹ́ni yìí mọ ohun tó ń ṣe. Eléwé kékeré la bá a dúnàádúrà, owó eléwé kékeré ló gbà, ló bá da eléwé gbọọrọ pọ̀ mọ́ ọn. Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀? Ẹni tó bá gé ẹ̀ka Ixora láti fi gbìn máa ń gé ewé rẹ̀ sí méjì kí omi ara rẹ̀ má baà tètè gbẹ. Bí ewé bá ti di ìlàjì, ta ni yóò mọ èyí tó gùn tẹ́lẹ̀? Àfi ìgbà tí òjò rọ̀, tí ewé tuntun yọ. Oníbàárà wa kan ní Ọbáńtokò tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó wọ ilé rẹ̀, ó fẹ́ kí wọ́n mọ ní orúnkún. Àwọn kan mọ níbẹ̀, àwọn kan ga dé èjìká. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, kò kọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀. Ìdákẹ́ yẹn dùn mí ju èébú lọ. Mo pe ẹni tó kó o wá, ó ní, “Ṣebí Ixora náà ni?” Ẹ gbọ́ o: ṣebí Ixora náà ni! Owó ara mi ni mo fi hú wọn, tí mo fi gbin òmíràn dípò.

Kí wọ́n má baà ṣe yín bẹ́ẹ̀ níbòmíràn, ẹ̀ka ni kẹ́ ẹ wò, ẹ fi òdòdó sílẹ̀. Gbogbo Ixora ni ewé rẹ̀ ń kọjú síra ní méjì méjì, gbogbo wọn náà ni òdòdó wẹ́wẹ́ wọn ní ewé mẹ́rin lórí ọ̀pá tínrín, èyí táwọn ọmọdé máa ń fà yọ láti mu omi dídùn ìdí rẹ̀. Ìbáà ṣe pupa, ìbáà ṣe funfun. Ti kékeré, ewé rẹ̀ kì í gùn ju àtàǹpàkò lọ, ojú ibi tí ewé ti ń yọ sì súnmọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Ti gbọọrọ, ewé rẹ̀ á gùn tó ìka àárín, àlàfo á sì wà lára ẹ̀ka.

Ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ igi tí kò bá ṣe dáadáa wá ńkọ́? A ò ní pààrọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́ fún igi tí wọ́n gbìn mọ́ ìdí fẹ́ńsì tuntun. Mo mọ̀ pé èyí ni yóò bí yín nínú jù. Àmọ́ Ixora kò fẹ́ràn ẹfun, òkúta ẹfun ni wọ́n sì ń fi ṣe símẹ́ǹtì ní Ewékorò tó wà nítòsí wa níbí. Èyí tí bíríkìlà bá dà nù sídìí ògiri, ilẹ̀ ló ń wọ̀. Irin, tó jẹ́ ọ̀kan lára oúnjẹ igi, á wà nínú ilẹ̀ náà, gbòǹgbò ò ní rí i fà. Ewé tuntun á di àwọ̀ ìyeyè, iṣan rẹ̀ nìkan ni yóò ṣẹ́kù ní tútù. Ẹ ó rò pé òùngbẹ ni, ẹ ó máa bomi rin ín, kò ní yí padà. Ẹ kó àfọ́kù búlọ́ọ̀kù kúrò, ẹ po ewé tó ti jẹrà mọ́ ilẹ̀, kẹ́ ẹ sì sún igi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ẹ tún bá mi bẹ máígádì yín: ṣóńṣó orí ẹ̀ka Ixora ni òdòdó ti ń yọ. Ẹni tó ń gẹ̀ ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ń gé òdòdó dànù kó tó là, á tún wá ní igi wa yàgàn.

Ní tiwa, nítorí ohun tí ẹni Èkó yẹn ṣe, àwa fúnra wa ti ń gé ẹ̀ka lára àwọn ìyá igi tó dá wa lójú, inú yanrìn lábẹ́ ibòòji la ń gbìn ín sí. Oṣù kan sí méjì kó tó ta gbòǹgbò, ọ̀pọ̀ oṣù kó tó tó tà. Ibi tí ₦1,200 ti wá nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti san owó sílẹ̀ kí iye tó yí padà, ₦500 yín náà ni. Ẹ mú rìsíìtì dání. Ẹ má sì rán ọmọ wá láìmú un dání, nítorí ariwo ẹnu géètì ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá yẹn ti tó mi.

Èmi ni,
Ọlọ́gbà òdòdó yín, Abẹ́òkúta.