Ìtànṣán X-ray kì í sùn mọ́jú nínú yàrá

Olóòtú wa,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá àyè fún ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé ìròyìn yín. Iṣẹ́ yíya àwòrán X-ray ni mo ń ṣe, ohun tó sì ń dùn mí ni pé ibi tí ewu kò sí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù, ibi tó wà gan-an ni wọ́n ń sún mọ́.

Wọ́n rò pé ìtànṣán X-ray máa ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a bá ya àwòrán tán. Àwọn kan kì í fẹ́ jókòó sórí àga tí aláìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀. Àwọn mìíràn kì í fẹ́ gbé ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ya àwòrán àyà rẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀rù yìí kò bá bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ mu rárá. Inú ìgò kan tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Wáyà tín-ín-rín kan wà ní apá kan, iná mànàmáná á mú un gbóná títí yóò fi máa tú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, àwọn ohun tíntìntín tó wà nínú átọ́ọ̀mù, sílẹ̀. Irin tungsten wà lódì kejì. Bí a bá tẹ bọ́tìnì, iná alágbára, nǹkan bí 40,000 sí 150,000 fóòltì, á fa àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà ní eré àsápajúdé lọ kọ lu tungsten. Ibi tí eré wọn ti já lójijì yẹn ni ìtànṣán ti ń jáde. Nǹkan bí ìdá 1 péré nínú 100 agbára náà ló ń di X-ray. Ooru ni ìyókù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ tungsten ni wọ́n ń lò, torí kì í yọ́ àfi bí ooru bá kọjá 3,400°C.

Bí iná bá ti já, kò sí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń sáré mọ́, ìtànṣán ti tán nìyẹn. Bí a bá pa gílóòbù, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í ṣẹ́kù sára ògiri. X-ray kò kù sára àga, kò kù sára aṣọ, aláìsàn kò sì lè fi ran ẹnikẹ́ni.

Ìgbà tí bọ́tìnì wà ní títẹ̀, tí kì í sábà pé ìṣẹ́jú àáyá kan, ni kí a ṣọ́ra. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹbí máa ń fẹ́ dúró ti aláìsàn. Bí ìtànṣán bá kan ara, díẹ̀ nínú rẹ̀ á fọ́n ká, òun ló ń kan ẹni tó wà nítòsí. Bí ọmọdé kò bá lè dúró jẹ́ẹ́, ẹnì kan ṣoṣo tí kò lóyún ni kó wọlé, kó wọ aṣọ òjé, kó má sì jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà ìtànṣán. Kí àwọn yòókù bọ́ síta. Bí èèyàn bá jìnnà ní ìlọ́po méjì, ohun tó ń bà á á dín kù di ìdá kan nínú mẹ́rin.

Wọ́n tún máa ń bi mí pé, "Bí kò bá léwu, kí ló dé tí ẹ fi sá sẹ́yìn ògiri?" Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ẹ̀yin wá fún àwòrán kan tó máa ṣe yín láǹfààní. Èmi ń ya ti ọ̀pọ̀ èèyàn lójoojúmọ́, kò sì ṣe mí láǹfààní kankan kí ó bà mí. Clarence Dally, tó bá Edison, olùṣẹ̀dá ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́ kété lẹ́yìn tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Röntgen, ṣàwárí ìtànṣán yìí ní Jámánì lọ́dún 1895, máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán ẹ̀rọ wò. Ìtànṣán náà ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ títí wọ́n fi gé e, ó sì kú lọ́dún 1904.

Millisievert ni a fi ń wọn ìtànṣán tó kan ara. Àwòrán àyà kan kò ju nǹkan bí 0.1 millisievert lọ. Ìtànṣán tó ń ti ilẹ̀, òfuurufú àti oúnjẹ bá èèyàn lọ́dún kan tó 2.4 millisievert ní ìpíndọ́gba lágbàáyé. Nítorí náà, ẹ má sá fún àwòrán tí dókítà rí ìdí fún. Ṣùgbọ́n CT ikùn, ìyẹn ọ̀pọ̀ àwòrán X-ray tí kọ̀ǹpútà ń pa pọ̀, lè tó 10 millisievert, nítorí náà ẹ bi dókítà bóyá àbájáde rẹ̀ yóò yí ìtọ́jú padà, kí ẹ sì mú àwòrán àtijọ́ dání, kí a má bàa tún èyí tó wà nílẹ̀ yà. Obìnrin tó bá fura pé òun lóyún, kó sọ fún wa kí a tó tẹ bọ́tìnì.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ayàwòrán X-ray kan