Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe gbogbo agbọ́n là ń da kẹrosíìnì sí

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí bá a ṣe lè lé agbọ́n lọ, tẹ́ ẹ ní ká da kẹrosíìnì sínú ihò wọn tílẹ̀ bá ti ṣú. Èyí tó ń so ilé mọ́ abẹ́ òrùlé, mi ò bá yín jiyàn lórí ìyẹn, torí wọ́n pọ̀ nínú ilé kan, ẹ fọwọ́ kan ọ̀kan báyìí, gbogbo wọn á tú síta. Ihò tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé.

Búlọ́ọ̀kù ni mò ń ṣe tà ní Kubwa níbí. Yanrìn tí típà bá já sílẹ̀, tó bá ti lò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí oòrùn sì mú dáadáa, ẹ máa rí àwọn agbọ́n kan tó ń gbẹ́ ẹ, ẹsẹ̀ iwájú ni wọ́n fi ń fá a, yanrìn á máa fò gba abẹ́ ikùn wọn jáde sẹ́yìn bí ìgbà tí ajá ń wú egungun. Èmi náà gbé kẹrosíìnì lọ́jọ́ kan o! Dẹ́rẹ́bà típà, ọmọ Hausa, ló dá mi dúró, ó ní "Ọ̀gá, èyí kì í ṣe rina, zanzaro ni", ló bá ń nawọ́ sí ṣẹ́ẹ̀tì tí mo kì bọ inú ṣòkòtò, ó ń rẹ́rìn-ín. Àṣé zanzaro náà ni wọ́n ń pe kéèyàn ki ṣẹ́ẹ̀tì bọ ṣòkòtò, nítorí ìbàdí tín-ín-rín agbọ́n yẹn. Rina ni wọ́n ń pe agbọ́n tó ń gbé pọ̀ tó sì ń ta èèyàn, zanzaro ni tọ̀hún tí ìbàdí ẹ̀ tín-ín-rín, àwa ní agbọ́n, ó tán.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń fi fóònù yà wọ́n. Ohun tó kọ́kọ́ yé mi ni pé kéèyàn fi ohun tó ń gbé wọ ihò dá wọn mọ̀. Ti inú yanrìn mi, eṣinṣin ló ń gbé, Bembix ni wọ́n ń pe ìran ẹ̀, ojú ẹ̀ tóbi, ìlà yẹ́lò tó fẹ́ jọ àwọ̀ ewé wà lára ẹ̀, ètè òkè ẹ̀ sì gùn bí ẹnu ẹyẹ. Púpọ̀ nínú àwọn agbẹ́lẹ̀ yòókù, wọ́n á kó oúnjẹ sínú ihò, wọ́n á yé ẹyin sí i, wọ́n á dí i pa, wọn ò ní fojú kan ọmọ yẹn mọ́. Bembix ò ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń gbé eṣinṣin wọlé fún ọmọ ẹ̀ lójoojúmọ́ títí tó fi máa dàgbà. Èmi tí ààtàn wà lẹ́yìn ọgbà mi, tí mo wá ń da kẹrosíìnì sí ẹni tó ń bá mi pa eṣinṣin lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ò rí i pé mo ya dìndìnrìn?

Ammophila tún wà, ìbàdí tiẹ̀ dà bí okùn òwú, kòkòrò rọ̀bọ̀tọ̀ tó ń jẹ ewé ló ń wọ́ nílẹ̀. Kò pa á o, ó kàn ta á títí tí ò fi lè rìn mọ́ ni, kí ẹran ọmọ ẹ̀ má bàa rà. Tó bá bo ihò tán, àwọn kan nínú wọn máa ń fi ẹnu mú òkúta wẹ́wẹ́ fi gún orí ẹ̀ kó le. Palisot de Beauvois, ará Faransé tó wá sí ilẹ̀ Wárì àti Bìní ní 1786, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Ammophila beniniensis dòní. Bìní wà lára orúkọ yẹn o, àwa tá a wà nítòsí ń pè é ní agbọ́n.

Èyí tó ń fi amọ̀ mọlé sára ògiri, tó dúdú tí ìbàdí ẹ̀ yẹ́lò, Sceliphron spirifex ni, 1758 ni Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden tó ń sọ àwọn ẹ̀dá lórúkọ, ti sọ ọ́ lórúkọ. Kì í gbẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mọ̀lẹ́bí Ammophila ni. Ẹ fọ́ ilé amọ̀ ẹ̀ wò, aláǹtakùn ló máa kún ibẹ̀. Mi ò ní gbogbo wọn ló ń ṣe wá lóore ṣá, Philanthus triangulum ń pa oyin, ẹni tó ń sin oyin ò ní bá mi yọ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n yàtọ̀ láìsúnmọ́ ọn jù, ẹ wo ìyẹ́ ẹ̀ tó bá bà. Agbọ́n abẹ́ òrùlé máa ń ká ìyẹ́ ẹ̀ ní òòró, á wá rí tẹ́ẹ́rẹ́, agbẹ́lẹ̀ kì í ká tiẹ̀. Akọ agbẹ́lẹ̀ ò lè ta yín, abo ẹ̀ náà kì í ṣáà wá ìjà àyàfi tẹ́ ẹ bá fọwọ́ mú un.

Ìran lèèyàn lè fi fọ́tò mọ̀, kó tó kan irú gan-an ó le. Mo ju tèmi sí iNaturalist, ìkànnì tó ń fi fọ́tò dá ẹranko àti ewéko mọ̀, ó pe Bembix, ó dákẹ́ síbẹ̀. Àfi kéèyàn gún òkú ẹ̀ mọ́ pákó, kó fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo iṣan ìyẹ́ ẹ̀, irun ojú ẹ̀ àti nǹkan ọkùnrin ẹ̀. Wọ́n ń kó kòkòrò jọ ní yunifásítì ABU ní Zaria, wọ́n ń kó o jọ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn, náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán oníròyìn yín débẹ̀, kẹ́ ẹ fi ojú ewé kan gbé fọ́tò wọn jáde, kẹ́ ẹ sì ní káwọn òǹkàwé fi orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan nílùú wọn ránṣẹ́, torí mi ò gbà pé àwọn bàbá wa tó ń roko nínú oòrùn ò ní orúkọ míì ju agbọ́n yẹn lọ.

Òkìtì yanrìn kan wà lẹ́yìn ọgbà mi báyìí tí mi ò tíì jẹ́ kí wọ́n kó, ihò mọ́kànlá ni mo kà lára ẹ̀ láàárọ̀ yìí, oníbàárà sì ti ń pariwo lé mi lórí.

Oníbúlọ́ọ̀kù kan,
Kubwa, Abuja