Àwo orin tó gba Ìtòkú kan

Abẹ́òkúta

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù Kánádà ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?

O ní kí n sọ orin tí à ń gbọ́ báyìí. Tí o bá gba ọjà àdìrẹ wa ní Ìtòkú kọjá láàárọ̀, àwo méjì ni wàá máa gbọ́ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀: *Morayo* ti Wizkid àti *adedamola* ti Fireboy DML. Ọdún 2024 ni méjèèjì jáde, wọn ò sì tíì sú wa. Ti Fireboy làwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi fẹ́ràn jù. Abẹ́òkúta níbí ni wọ́n kúkú ti bí i, orúkọ ara rẹ̀ ló sì fi sọ àwo náà. Ó tún pe Làgbájá àti Seun Kuti sí i. Ìlú wa yìí náà ni wọ́n ti bí Fẹlá, nítorí náà inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n *Morayo* ló wọ̀ mí lára. Orúkọ ìyá Wizkid ni. Oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni màmá náà kú. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá ọdún kejì, ọmọ ti gbé àwo jáde lórúkọ rẹ̀. Orin ijó àti orin ìfẹ́ ló sì pọ̀ níbẹ̀! Ó yé mi dáadáa. Ìwọ náà wà níbẹ̀ nígbà tí a sin màmá mi. A jó títí ilẹ̀ fi mọ́, ìgbà tí mo wọ yàrá ni mo tó sunkún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọwọ́ mi wà nínú aró nígbà tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi kan bẹ̀rẹ̀ sí í fo orin nínú *Morayo*. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ fóònù náà padà sí orin àkọ́kọ́. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ. Tí wọ́n bá gbé àwo Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà, sórí rẹdiogíráàmù, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ títí ojú kan á fi tán. Ìlù Adéwọlé Oníluọlá, onílù Àyìnlá, ló ń fa orin kan wọnú èkejì. Tí o bá já a láàárín, o ti bà á jẹ́.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, má fo ọ̀kankan nínú *Morayo*. Orin 16 ni. Gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí o bá dá wà nílé, kí o pè mí tó bá tán. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìwọ náà á rántí màmá mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjọkẹ́