Kí Ẹ Tó Kọ "Ẹ Máa Sọ Òótọ́" Sójú Pátákó

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba kíláàsì ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,

Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ìwà àti ọgbọ́n ìgbé ayé wà lára ohun tí ẹ ó máa kọ́ àwọn ọmọ. Ó dùn mọ́ mi. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi bàjẹ́.

Ọdún kẹta tí mo di tíṣà, gíláàsì fèrèsé kíláàsì mi fọ́. Mo ní kí ẹni tó fọ́ ọ jẹ́wọ́, mi ò ní nà án. Ọmọ ọdún 7 kan dìde, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìbínú ò jẹ́ kí n rántí ohun tí mo sọ; mo nà án. Oṣù méjì gbáko lẹ́yìn ìyẹn, ohunkóhun tó bá bàjẹ́ ní kíláàsì yẹn, "atẹ́gùn ni, Tíṣà." Mo kúkú ti kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ ìwà: mo kọ́ wọn pé irọ́ ló ń gbani.

Ní 2013, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Rochester ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde tó tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀. Wọ́n ṣèlérí ohun ìyàwòrán tó dára ju ti ọwọ́ wọn lọ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6. Wọ́n mú un wá fún àwọn kan. Ọwọ́ òfo ni wọ́n fi padà bá àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ohun dídùn kan síwájú ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní bó bá lè dúró láìjẹ ẹ́, yóò di méjì. Àwọn tí àgbà ti mú ìlérí ṣẹ fún dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 12 ní ìpíndọ́gba. Àwọn tí wọ́n ti já kulẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 3. Ẹlòmíì á ní ọmọ oníṣẹ̀ẹ́jú 3 ò ní sùúrù. Èmi ní ojú rẹ̀ là ni.

Ẹ má sì yára sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Hugh Hartshorne àti Mark May, dán àwọn ọmọ tó lé ní 10,000 wò, wọ́n tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde láti 1928 sí 1930. Wọ́n rí i pé ọmọ tó ṣòótọ́ níbì kan lè rẹ́ni jẹ níbòmíì. "Olè" tí ẹ bá pe ọmọ lè pẹ́ lára rẹ̀ ju ohun tó jí lọ.

Ní ti ọgbọ́n ìgbé ayé, ẹ má sọ ọ́ di àkọ́sórí. Bí ọmọ méjì bá ń fa bọ́ọ̀lù mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ẹ̀kọ́ ti dé nìyẹn. Ẹ ní kí ọ̀kan kọ́kọ́ ro ẹjọ́ ẹnì kejì rẹ̀, kí onítọ̀hún gbà pé bó ṣe rí lára òun nìyẹn, kí ẹni tó ń rojọ́ tó sọ tirẹ̀. Ó máa ń pẹ́ o. Ìṣirò ọjọ́ yẹn lè má parí.

Ẹ fún wọn níṣẹ́ gidi pẹ̀lú. Bí ẹni tó yẹ kó nu pátákó bá gbàgbé, ẹ má bá a nù ún.

Ọmọ fèrèsé yẹn ńkọ́? Mo bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo kíláàsì. Ó wolẹ̀, kò fèsì. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọmọbìnrin kan tó rọra wá sídìí tábìlì mi: "Tíṣà, ẹ má bínú, èmi ni mo da omi sí rẹ́jísítà yín."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A jọ lọ sá a sóòrùn.

Èmi ni,
Tíṣà yín tó ti fẹ̀yìn tì.