Sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tó Ń Jiyàn Lórí Ọ̀wọ́n-gógó Ọjà

Ẹ̀yin ọmọ mi, àsàlámù àlékùm.

Mo ń gbọ́ àríyànjiyàn yín ní ìdí àsálátù. Àwọn kan ní ẹ̀sìn pa á láṣẹ pé kí ìjọba díyelé ọjà nígbàkigbà tí nǹkan bá ti wọ́n. Àwọn kan sì ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bi oníṣòwò léèrè iye tó ń ta ọjà rẹ̀. Èmi tí mo darúgbó sídìí òwò rí i pé ìhà méjèèjì kù díẹ̀ káàtó, nítorí pé ohun tó fa ọ̀wọ́n ni àwọn onímọ̀ wa àtijọ́ máa ń kọ́kọ́ wádìí.

Ní Mẹ́dínà, oúnjẹ wọ́n nígbà kan, àwọn ènìyàn sì bẹ Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pé kó bá àwọn díyelé e. Ó kọ̀. Ó ní Ọlọ́hun ló ń díyelé ọjà, àti pé òun fẹ́ pàdé Rẹ̀ láìsí ẹni tí yóò pe òun lẹ́jọ́ àbòsí lórí ẹ̀jẹ̀ tàbí dúkìá. Síbẹ̀, Ànábì yìí kan náà ló ki ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, tí ìka rẹ̀ sì kan ibi tó tutù nísàlẹ̀. Ọlọ́jà ní òjò ló pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò kó èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì ní ẹni tó bá rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara wa. Ó tún kọ̀ fún àwọn ará ìlú láti lọ pàdé àwọn tó ń kó ẹrù bọ̀ lójú ọ̀nà, kí wọ́n má baà ra ọjà wọn kí wọ́n tó mọ iye tó ń lọ nínú ìlú. (Ẹ̀yin tí ẹ ń dá àgbẹ̀ dúró lójú ọ̀nà oko, ẹ gbọ́ o.)

Abu Yusuf, adájọ́ àgbà ní Baghdad tó kú ní ọdún 798, ṣàkíyèsí pé nígbà mìíràn oúnjẹ á pọ̀ síbẹ̀ á wọ́n, ìgbà mìíràn á ṣọ̀wọ́n síbẹ̀ kó gba owó pọ́ọ́kú; ìyẹn ni pé kì í ṣe pípọ̀ tàbí dídínkù ọjà nìkan ló ń sọ iye rẹ̀.

Ẹni tó tú u palẹ̀ jù lójú tèmi ni Ibn Taymiyya, onímọ̀ ẹ̀sìn ará Damásíkù (1263–1328). Ó ní bí ọjà bá wọ́n nítorí pé ó dín kù, tàbí nítorí pé àwọn tó ń wá a pọ̀ sí i, tí àwọn ọlọ́jà kò sì ṣe màgòmágó, àbòsí ni kí a fi ipá mú wọn tà á ní iye kan. Àmọ́ bí ẹni tó ní oúnjẹ lọ́wọ́ bá kọ̀ láti tà á fún àwọn tó nílò rẹ̀ àfi ní iye tó ju iye tí gbogbo ayé mọ̀ lọ, aláṣẹ lè fi dandan mú un tà á ní iye tí irú rẹ̀ ń lọ. Bákan náà ni níbi tí a bá ti pàṣẹ pé àwọn kan péré ni kó máa ta ọjà kan: ó ní ó di dandan kí a díyelé e fún wọn.

Ti al-Maqrizi, òpìtàn ará Íjíbítì, tún yàtọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣe alábòójútó ọjà ní Káírò rí, kò sì di ẹ̀bi ru ìyálọ́jà nígbà tí ìyàn mú ní Íjíbítì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún. Àwọn tó ń fi rìbá ra ipò, owó ilẹ̀ tí wọ́n fi kún fún àgbẹ̀, àti owó bàbà tí wọ́n rọ́ sí ìgboro títí owó fàdákà fi pòórá, ìwọ̀nyí ló kà sí ẹ̀bi. Kí ni díyelé ìrẹsì yóò ṣe sí irú ìyẹn?

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ ọlọ́jà tó máa ń lé ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kúrò ní ìsọ̀ nítorí pé ó ta ọjà rẹ̀ ní iye tó kéré sí tiwọn, ẹ bá mi ka ohun tí Ibn Taymiyya sọ yìí sétí àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè irú ọlọ́jà tí wọ́n ka ara wọn sí nínú rẹ̀.

Èmi ni bàbá yín nídìí òwò.