Ẹ wo igẹ̀ adìyẹ kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ egungun

Ọ̀gá Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ojú ìwé àwọn ọmọdé tẹ́ ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n kọ̀wé yìí. Ọmọ mi ló ń kà á sí mi létí ní ìsọ̀, pé ohun tó ń jẹ́ kí ẹyẹ fò ni pé egungun ẹ̀ ṣófo, kò wúwo, atẹ́gùn á kàn gbé e lọ. Mo ní háà! Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣebí gbogbo ọ̀rá náílọ̀n tó ń fò kiri l'Ọyìngbò ti di ẹyẹ nìyẹn.

Adìyẹ ni mò ń tà, mò ń pa á, mò ń kun ún fún kọ́sítọ́mà, àmọ́ zoology (ẹ̀kọ́ nípa ẹranko) ni mo kà ní yunifásítì l'Akọka kí àìríṣẹ́ tó gbé mi débí (ẹ má wulẹ̀ ṣàánú mi, owó ń wọlé). Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ egungun ẹyẹ ṣófo, ṣùgbọ́n ó le, ó sì ki, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Amẹ́ríkà, Elizabeth Dumont, yẹ̀ ẹ́ wò ní 2010, ó rí i pé ti ẹyẹ ki ju ti àwọn ẹbí eku lọ.

Igẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ ya ẹran igẹ̀ adìyẹ, ẹ ó rí i pé méjì ni, ńlá kan, àti tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó rọ̀ lábẹ́ ẹ̀. Ńlá yẹn ló ń fa apá wálẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló ń gbé apá sókè, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ ló wà o! Iṣan funfun kan ló jáde lára ẹ̀, ó gba ihò kan léjìká kọjá, ó wá lọ so mọ́ egungun apá láti òkè, bíi ti àwọn bíríkìlà tó gbé okùn kọ́ igi, ẹni tó ń fà á wà nílẹ̀, ó ń fà á wálẹ̀, garawa kọnkéré ń gòkè lọ. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo pariwo.

Ẹran igẹ̀ adìyẹ funfun torí kò lè fò ju orí fẹ́ǹsì lọ kó tó rẹ̀ ẹ́. Ti ẹyẹlé pọ́n, ó ní ẹ̀jẹ̀ nínú dáadáa, ìyẹn lè fò jìnnà. Ẹ wá wo itan adìyẹ, ó dúdú ju igẹ̀ ẹ̀ lọ, àárọ̀ ṣúlẹ̀ ló fi ń rìn kiri.

Ti atẹ́gùn náà ò le. Ọmọ Màkókó tó ń wa ọkọ̀ ń ti omi sẹ́yìn, ọkọ̀ ń lọ síwájú, ohun tí Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Gẹ̀ẹ́sì yẹn, kọ sílẹ̀ ní 1687 náà nìyẹn. Apá ẹyẹ ń ti atẹ́gùn sísàlẹ̀, atẹ́gùn ń ti ẹyẹ sókè, ìyẹ́ tó wà létí apá sì ń yí díẹ̀ tó bá ń já wálẹ̀ kó lè tì í síwájú. Àwòdì tó máa ń yípo lókè ọjà wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kì í ju apá ńkọ́? Páànù àti ọ̀dà títì ló gbóná, atẹ́gùn gbígbóná ń gòkè, òun náà gùn ún. Ọ̀fẹ́ ni tiẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa tún un kọ, torí ọmọ mi ti ní òun máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò. Tí ẹni tó kọ ọ́ bá fẹ́ fojú ara ẹ̀ rí i, kó wá sí ìsọ̀ mi lọ́jọ́ Sátidé, màá ya igẹ̀ kan fún un wò, àmọ́ ó máa sanwó adìyẹ o.

Ìyá Aládìyẹ,
Ẹ̀búté Mẹ́ta, Èkó